Bọ́tìnnì dà? Lẹ́tà láti Kétu lórí ìtàn ọlọ́pàá méjì

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Kétu ni mo wà, Kétu ti ilẹ̀ Benin, kì í ṣe ti Èkó. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kò sì jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnu ọ̀nà àtijọ́ ìlú wa. Awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Ìlárá ló máa ń bá mi mú ìwé ìròyìn yín bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó lè gbà á ní ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó dé ọwọ́ mi, àmọ́ ó ń dé. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé níhìn-ín. Kíláàsì àwọn àgbà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ka Yorùbá, nígbà tí mo ti bí ọmọ mẹ́ta. Bí ìwé ìròyìn bá ti dé, gbogbo ẹ̀rọ á dákẹ́, àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fà mọ́ mi, èmi á sì ka ìtàn ọlọ́pàá méjì tí ẹ ń tẹ̀ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sókè fún wọn, ìtàn ìsípẹ́kítọ̀ obìnrin àti sájẹ́ńtì rẹ̀ tí wọ́n ń wá ajínigbé, tí wọ́n sì ń fẹ́ràn ara wọn. Ọkọ mi náà á ti gbé àga rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, á máa ṣe bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló ń gbà.

Mo ti ka àwọn lẹ́tà tí àwọn òǹkàwé kọ nípa ìtàn yìí. Bàbá kan ní kí òǹkọ̀wé yọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kúrò, pé ìwádìí lòun fẹ́ kà, òun ò fẹ́ ka ọ̀rọ̀ olólùfẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òun máa ń fo gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń wo ojú ara wọn, kí òun lè tètè dé ibi ìbọn. Ìyá kan sì bínú pé ìsípẹ́kítọ̀ obìnrin kò gbọdọ̀ fẹ́ sájẹ́ńtì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n di ẹ̀bi ru ìfẹ́. Ojú tèmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìtàn náà ti dàrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ni mo fẹ́ béèrè.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ìsípẹ́kítọ̀ kúnlẹ̀ nínú eruku ní ẹ̀yìnkùlé ilé tí wọ́n ti jí ọmọ kejì gbé, ó rí bọ́tìnnì búlúù kan. Òǹkọ̀wé sọ fún wa pé ihò mẹ́rin ló ní, pé òwú pupa ṣì há sínú rẹ̀. Mo dáwọ́ ìwé kíkà dúró, mo bi àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ léèrè pé kí ni wọ́n rí níbẹ̀. Èyí tó dàgbà jù ní, “Màmá, aránṣọ kò lè fi òwú pupa kan bọ́tìnnì búlúù.” Òótọ́ ló sọ. Oníbàárà á dá a padà ni. Ilé ni wọ́n ti kan bọ́tìnnì yẹn, lálẹ́, òwú tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n sì lò. Ó lè jẹ́ pé ajínigbé náà ní ìyàwó tàbí ìyá tó ń bá a tún aṣọ ṣe, ó sì lè jẹ́ pé ńṣe ló ń dá gbé. Ohun tí ìsípẹ́kítọ̀ náà rò nìyẹn gẹ́lẹ́. Ó di bọ́tìnnì náà mọ́ inú áńkáṣífù, ó tì í bọ àpò. Olóòtú, inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni pé èmi ni mo rí i. Mi ò tíì ka ìtàn kankan rí tí wọ́n ti fi ohun tí mo mọ̀ nídìí iṣẹ́ mi wá ọ̀daràn.

Ó di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, òjò dé, ọkọ̀ wọn kú sọ́nà, sájẹ́ńtì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lé e léjìká. Ibẹ̀ dára púpọ̀. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi bo ojú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ta ló tún gbọ́ ìró bọ́tìnnì? Ní ọ̀sẹ̀ kẹtàlá, obìnrin yìí kan náà dá wọ ilé ìkẹ́rùsí tó ṣófo lóru, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, láìmú tọ́ọ̀ṣì dání. Wọ́n dì í lókùn. Ó wá jókòó, ó ń sunkún, títí sájẹ́ńtì fi yìnbọn fọ́ ilẹ̀kùn. Obìnrin tó rí òwú pupa nínú eruku ni kò wá rí ọkùnrin gìrìwò tó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn!

“Màmá, ṣé ìfẹ́ ti fọ́ ìsípẹ́kítọ̀ lójú ni?” Ìbéèrè tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi kan bi mí nìyẹn, mi ò sì lè jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí mo mọ bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ṣe ń rí nínú ilé ọlọ́pàá.

Ọkọ mi ṣiṣẹ́ jàǹdáámù, ìyẹn ológun tó ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó da jàǹdáámù pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá ìgboro ní 2018. Ọdún mọ́kànlá nínú rẹ̀ ló fi bá ẹnìkan ṣoṣo ṣọ́ òru lójú ọ̀nà ibodè. Ọkùnrin ni, kò sí ọ̀rọ̀ àlè níbẹ̀, àmọ́ mo rí i pé ó mọ ọkọ mi lọ́nà tí èmi tí mo bímọ fún un kò fi mọ̀ ọ́n. Ó mọ èyí tó jẹ́ ikọ́ òtútù nínú ikọ́ rẹ̀ àti èyí tó túmọ̀ sí “dúró níbẹ̀”. Bí wọ́n bá parí iṣẹ́ lóru, ọkọ mi á kọ́kọ́ dé ilé, kò sì ní bọ́ bàtà. Á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí alùpùpù ẹnìkejì rẹ̀ á fi kọjá níwájú ilé wa, tí yóò fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà náà ni á tó jókòó. Èmi náà ti wà lórí ẹní, ojú mi là sílẹ̀, mò ń gbọ́ mímí rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ní òru kan, fèrè náà kò dún. Ọkọ mi ka ìṣẹ́jú, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó jáde. Táyà ló jò fún ọkùnrin náà lápá ọ̀nà oko, nǹkan mìíràn kò ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ìtàn ajínigbé tó tíì mú àyà mi já bí wákàtí yẹn.

Ọkùnrin náà ti kú báyìí. Títí di òní, bí agogo kan òru bá kọjá, ọkọ mi máa ń yí etí sójú títì.

Nígbà tí mo ka ọ̀sẹ̀ kẹtàlá tán, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Irọ́ ni. Ẹni tí ọkàn rẹ bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, o kì í jáde láìsọ ibi tí ò ń lọ fún un.” Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ òǹkọ̀wé pé kó má yọ ìfẹ́ kúrò. Kó jẹ́ kí ìfẹ́ náà máa ṣọ́nà. Kí ẹ̀rù bà wá nítorí pé sájẹ́ńtì mọ ìró ẹsẹ̀ obìnrin yìí, tí kò sì gbọ́ ọ lóru tó yẹ kó gbọ́ ọ. Bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde nílùú wa níhìn-ín, méjì-méjì ni wọ́n sábà máa ń jó, aṣọ kan náà, ẹsẹ̀ kan náà. Bí ẹnìkan bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, ara ẹnìkejì ni o ti kọ́kọ́ máa rí i. Irú ìjó yẹn ni mò ń retí látọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì yìí.

Ní ti ìyá tó bínú nítorí ipò, ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n. Ọ̀gá àti ọmọ abẹ́ ni wọ́n, òǹkọ̀wé kò sì gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ọmọbìnrin mi tó ń kọ́ òfin ní Abomey-Calavi sọ ohun kan fún mi tó yà mí lẹ́nu. Ó ní nínú òfin iṣẹ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà ti 1968, abala 124, obìnrin ọlọ́pàá tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó gbọ́dọ̀ kọ̀wé gba àyè lọ́wọ́ kọmíṣọ́nnà, kó dárúkọ ẹni tó fẹ́ fẹ́. Wọn ò béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin. Ọdún 2012 ni ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó tó wọ́gi lé e. Ìtàn tiwa yìí, ọdún 1998 ni wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀, n'Ìbàdàn. Òfin náà ṣì wà nígbà náà! Ẹ wo ìdààmú tó wà níbẹ̀: obìnrin tó ń wá ajínigbé lọ́sàn-án, tó sì ń fi lẹ́tà pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ lálẹ́, nítorí pé orúkọ tó máa kọ sínú rẹ̀ ni ti ọmọ abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ lọ́rọ̀ wà, òǹkọ̀wé sì fò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìtàn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Yorùbá kò nílò èèyàn méjì, ẹ rántí pé láti 1969 tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti gbé ìwé rẹ̀ Àjà Ló Lẹrù jáde la ti ń rí Làpàdé pẹ̀lú Tàfá Ìgírípá tí wọ́n jọ ń wá ọ̀daràn. Ọkùnrin ni àwọn méjèèjì. Inú mi dùn pé a ti rí obìnrin kan báyìí tó ń ṣáájú níbi ìwádìí, ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ àga kó máa sunkún.

Ẹ bá mi sọ fún òǹkọ̀wé pé kò tíì pẹ́ jù. Áńkáṣífù ṣì wà nínú àpò aṣọ tó wọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọn ò sì tíì sọ fún wa pé ó fọ̀ ọ́. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ti kan bọ́tìnnì búlúù kan mọ́ ègé aṣọ pẹ̀lú òwú pupa, ó so ó kọ́ sára ògiri lókè ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní òun ò ní tú u títí ìsípẹ́kítọ̀ á fi rántí.

Èmi ni,
Ìyá aránṣọ, Kétu