Ẹ Jẹ́ Ká Dáwó Jọ Kọ Ìtàn Abúlé Wa

Ẹ̀yin ọmọ abúlé wa lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nígboro Ìbàdàn àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi, a kú ọjọ́ mẹ́ta o.

Owó la wá tọrọ, a ò ní fi bò. Ẹgbẹ́ fẹ́ tẹ ìwé ìtàn abúlé wa nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà. Ìba díẹ̀ ló ṣẹ́ kù lójú ọ̀nà Akanran yìí, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti lé lẹ́ni 80 ọdún.

Wọ́n mọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣán igbó ibi tá à ń gbé. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá wọn bí òyìnbó ṣe gé kòkó lulẹ̀ lẹ́yìn ogun Hítílà, pé àrùn tó ń wú ẹ̀ka ń ṣe é, igi tó ṣì ń so lójú olóko.

Àgbẹ̀kọ̀yà, ìjà tí àwọn àgbẹ̀ bá ìjọba jà nítorí owó orí, wá ńkọ́? Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́, àwa la ò tíì sọ tiwa. Lọ́dún 1968, kòkó ò mówó gidi wọlé, àwọn agbowó-orí ò sì jẹ́ kí oko ó rójú. Àgbẹ̀ ní owó orí òkè mẹ́fà, ìyẹn 30 ṣílè, lapá àwọn ká. Tàfá Adéoyè ṣáájú wọn. Ní 1969, wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n kó àwọn èèyàn wọn jáde. Ọdún yẹn náà ni Olóyè Awólọ́wọ̀ wá bá wọn ní Akanran, tí ìjọba sì sọ owó orí di pọ́n-ùn 2. Ibi tí àwọn ìyá wa sá pamọ́ sí tàwọn tọmọ lẹ́yìn, àti ẹni tó ń gbóúnjẹ wọgbó, ìyẹn ò sí nínú ìwé kankan. Baba kan ṣì ní rìsíìtì owó orí rẹ̀ nínú agolo mílíìkì. Ó ti pọ́n bí ewé kòkó gbígbẹ, ikán ti jẹ etí rẹ̀ kan. Baba ní òun ò ní í fún ẹnikẹ́ni àfi ẹgbẹ́.

Àwọn kan ní ọ̀nà ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe. Òótọ́ ni, ọ̀nà wa ò dáa, a ò sì tíì yé yọ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀nà á dúró dè wá.

₦5,000 ni kálukú. Akẹ́kọ̀ọ́ ò san. Ẹni tágbára ẹ̀ bá gbé e kó fi kún un. Owó aṣọ ẹgbẹ́ ju báyìí lọ, a kì í sì í ráhùn. Akápò ni kẹ́ ẹ san án fún, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹni tó bá ní fọ́tò àtijọ́, pàápàá èyí tí wọ́n yà níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó, kó mú un wá sípàdé oṣù tó ń bọ̀. A ó ya ẹ̀dà rẹ̀, a ó sì dá a padà lójú ẹsẹ̀.