Ìwé Nípa Ẹdẹ Tí Ará Ẹdẹ Ò Rí Rà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Mo ka ojú ewé tí ẹ yà sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá fún àwọn ìwé tuntun tí ilé ìtẹ̀wé yunifásítì ń gbé jáde. Inú mi dùn sí i, torí ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé kì í sábà rí àyè láàárín ìròyìn òṣèlú àti ti bọ́ọ̀lù. Ẹ dárúkọ ìwé, ẹ dárúkọ ẹni tó kọ ọ́, ẹ tilẹ̀ gbé àwòrán èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí ẹ kò sọ ni iye tí wọ́n ń tà á àti ibi tí èèyàn ti lè rí i rà. Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyẹn.

Ẹdẹ ni mo ń gbé. Olùkọ́ ìtàn ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ Ẹdẹ wo ni kò gbọ́ ìtàn Tìmì Àgbálé, Ọlọ́fà-iná, tí Aláàfin rán wá ṣọ́ ọ̀nà? Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn bàbá wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé awalẹ̀pìtàn kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ògúndìran, ti kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ẹdẹ-Ilé, níbi tí ìlú wa ti kọ́kọ́ wà, wọ́n sì walẹ̀ níbẹ̀, ó sì ti fi irú iṣẹ́ yìí kọ ìwé. Wọ́n rí àpáàdì ìkòkò tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jọ ti Ọ̀yọ́-Ilé. Wọ́n rí owó ẹyọ. Wọ́n rí egungun ẹṣin. Igi oṣè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ igi ilẹ̀ pápá, níbi tí igbó kò ti ki, ni oṣè, ibi tí wọ́n ti ń fi ewé rẹ̀ se ọbẹ̀ lúrú ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn tó ṣí wá láti apá Ọ̀yọ́ ni ó jọ pé wọ́n gbé e wá, ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí egungun ẹṣin yẹn. Ẹṣin kì í pẹ́ láyé ní apá ibi tí igbó bá ti ki. Àìsàn ibẹ̀ kì í jẹ́. Ẹni tó bá ń sin ẹṣin ní Ẹdẹ-Ilé nígbà náà, ó ní láti ní owó lọ́wọ́, kó sì ní ẹni tí yóò máa fi òmíràn ránṣẹ́ sí i láti apá Ọ̀yọ́ bí ti ọwọ́ rẹ̀ bá kú. Àṣé ohun tí àwọn bàbá wa ń wí kì í ṣe àròsọ lásán: Aláàfin fi agbára gidi sí ojú ọ̀nà yìí. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi ń kọ́ ọmọ ní ìtàn Tìmì nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ká ní ìwé yìí wà lọ́wọ́ mi nígbà náà ni, odindi sáà kan kò ní tó mi.

Ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kó irú iṣẹ́ yìí jọ sí, tó sì fi tún ìtàn gbogbo ilẹ̀ Yorùbá sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ni “The Yorùbá: A New History”, tó jáde ní 2020. Indiana University Press ló tẹ̀ ẹ́, ní ìlú Bloomington, Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí n fún ilé ìtẹ̀wé yìí ní ẹ̀tọ́ wọn: wọ́n ti ṣe wá lóore. Àwọn ló tẹ ìwé William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, lórí Ifá ní 1969. Àwọn náà ló tẹ ìwé rẹ̀ lórí ẹẹ́rìndínlógún, owó ẹyọ tí àwọn olórìṣà fi ń ṣe àyẹ̀wò, ní 1980. Ní 1983 wọ́n gbé ìwé Henry àti Margaret Drewal lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde. Ní 2000 ó kan ti John Peel, ẹni tó lọ jókòó ti àwọn ìròyìn tí àwọn ajíhìnrere C.M.S., ẹgbẹ́ ìjọ Áńgílíkà, ń kọ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi Daniel Olúbí ti Kúdẹtì, n'Íbàdàn. Ní 2016 wọ́n tẹ ìwé ńlá tí Tóyìn Fálọlá àti Akíntúndé Akínyẹmí jọ ṣe olóòtú rẹ̀, tó ṣàlàyé ohun tó jẹ mọ́ Yorùbá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ti Adélékè Adéẹ̀kọ́. Mélòó ni ká kà nínú eyín Adépèlé?

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ ìwé ẹẹ́rìndínlógún yẹn. Sàlàkọ́, olórìṣà kan ní Ọ̀yọ́, ló jókòó tó pe àwọn ẹsẹ inú rẹ̀ fún Bascom ní 1951. Ohùn Sàlàkọ́ ló kún inú ìwé náà, Yorùbá rẹ̀ wà níbẹ̀ bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde. Bí ọmọ-ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ bá fẹ́ ka ohun tí bàbá àgbà sọ lónìí, dọ́là ni yóò wá kiri.

Ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n fi bébà rírọ̀ ṣe èèpo rẹ̀ máa ń tó 30 tàbí 40 dọ́là. Ẹ má wulẹ̀ bèèrè èyí tí èèpo rẹ̀ le. Tí a bá ṣírò dọ́là kan sí 1,500 náírà, 30 dọ́là di 45,000 náírà, a ò tíì san owó ọkọ̀ òfúrufú ìwé. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba là sílẹ̀ láti 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, tí dọ́là ṣì wà ní nǹkan bí 460, ìwé kan náà kò tó 14,000. Kì í ṣe ilé ìtẹ̀wé ló fi owó lé e, náírà wa ló rọ.

Mo sì mọ ìdí tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi wọ́n. Kí yunifásítì tó tẹ ìwé, wọn yóò fún àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn kà á, àwọn yẹn yóò tú u palẹ̀, òǹkọ̀wé yóò lọ tún un ṣe. Ẹni kan yóò ya máàpù, ẹni kan yóò ṣe atọ́ka ọ̀rọ̀ sẹ́yìn. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, ẹ̀dà díẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀, ilé ìkàwé ló sì ń ra èyí tó pọ̀ jù. Mi ò bá wọn jà.

Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa nìyí. Ẹnì kan tó ti Amẹ́ríkà bọ̀ á mú ẹyọ kan sínú àpò. Ìwé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe fótókópì níwájú ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọ̀gbẹ́ni yìí gan-an ni ilé ìtẹ̀wé tó ń bá wa ṣe, kí n má purọ́. Mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀: ó fi wáyà dì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, máàpù ti di àbààwọ́n dúdú, ẹ̀rọ sì ti gé ọ̀rọ̀ tó wà létí ojú ewé lọ, tó fi jẹ́ pé kí èèyàn máa méfò ìdajì gbólóhùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi kọ iṣẹ́ àṣejáde báyìí. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kò fọwọ́ sí i, gbogbo wa la sì mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Oxford University Press ní ẹ̀ka n'Íbàdàn, ní Jẹ́ríkò, kó tó di University Press Limited ní 1978. Ẹ̀ka Ìbàdàn yẹn ló tẹ ìwé Wándé Abímbọ́lá lórí Ifá ní 1976. Ibadan University Press ló tẹ iṣẹ́ Fádípẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá ní 1970, iṣẹ́ tó ti parí ní yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láti 1939, tí ẹni tó ṣe é sì ti kú ní 1944. Ó pẹ́ o, àmọ́ nígbà tó dé, ilé ló dé sí. Ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, a ṣì ń rí i rà ní ṣọ́ọ̀bù ìwé C.S.S. títí di òní. Ìdí nìyẹn tí bàbá tí kò rí ẹnu yunifásítì fi lè fi Johnson bá ọ̀jọ̀gbọ́n jiyàn nídìí ayò.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò wá lọ sí Bloomington. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ ìwé ni mo ń bá wí. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn tí ẹ ń tọwọ́ bọ̀, ẹ máa ń gbé ẹ̀tọ́ àtitẹ ìwé yín ní gbogbo ayé lé ilé ìtẹ̀wé kan ṣoṣo lọ́wọ́. Kò sí òfin tó ní kó rí bẹ́ẹ̀ dandan. Ẹ lè ní: gbogbo ayé ni mo fún yín, ó ku Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá olùtẹ̀wé kan n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó tí yóò tẹ ẹ̀dà tiwa lórí bébà tí kò wọ́n, kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ tà á. Àwọn ìwé ìtàn àròsọ kan ti gba ọ̀nà yìí wálé. Kí sì lẹ máa pàdánù? Owó tó ń tìdí ìwé ọ̀mọ̀wé wá kì í tó nǹkan. Ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ lẹ bá dé ibẹ̀, ẹ sì ti rí ìyẹn gbà nígbà tí ìwé bá ti jáde ní Amẹ́ríkà.

Àwọn olùtẹ̀wé wa yóò ní bébà wọ́n. Òótọ́ ni. Ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìwópin kò ṣe wá láǹfààní kankan, òkè òkun ni bébà ti ń wá. Síbẹ̀ ẹ̀dà olówó náírà yóò ṣì dín sí 45,000 dáadáa.

Ẹlòmíràn á ní kí a kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí a gbọ́dọ̀ rà ńkọ́? Ní 2022 ọ̀pọ̀ báńkì ní kí a má fi káàdì náírà rajà lókè òkun mọ́, ó di 2025 kí àwọn kan tó tún gbà á. Ọ̀fẹ́ ló lè ṣiṣẹ́ fún gbogbo wa. Ìwé tí Peel kọ gbẹ̀yìn, lórí ìgbàgbọ́, ìmàle àti ẹ̀sìn òrìṣà, University of California Press gbé e jáde ní 2016, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù. Mo kà á bẹ́ẹ̀, ojú ro mí, mo sì parí rẹ̀. Irú èyí ń fẹ́ kí ẹnì kan ti san owó iṣẹ́ fún ilé ìtẹ̀wé ṣáájú, nítorí náà mi ò retí pé kí gbogbo ìwé rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà Nàìjíríà rọrùn jù ú lọ.

Ohun kékeré kan tún kù. Bí ẹ bá ti ń ṣe ẹ̀dà náà, ẹ fi ojú ewé mẹ́wàá Yorùbá sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ fi sọ ohun tí ẹ rí ní kúkúrú. Àwọn àgbà tó fi ọ̀nà han àwọn awalẹ̀pìtàn nínú igbó, púpọ̀ wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ti ẹ̀yin olóòtú, bí ẹ bá tún fẹ́ ya ojú ewé sọ́tọ̀ fún ìwé tuntun, ẹ kọ iye tí wọ́n ń tà á ní náírà sábẹ́ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ṣọ́ọ̀bù tó wà. Èyí tí kò bá sí ní Nàìjíríà, ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà kọ ọ́ síbẹ̀ pé KÒ SÍ NÍ NÀÌJÍRÍÀ, kí ẹni tó kọ ìwé náà lè rí i.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì,
Ẹdẹ, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.