Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Aláró Òṣogbo Lórí Ilé Aró Wa Tí Wọ́n Tì Pa

Sí Alága àti àwọn káńsẹ́lọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wa,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwa tí ayé torí iṣẹ́ ọwọ́ wa ń pe Òròkí ní ìlú aró, a dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó yín ti ilé aró wa pa. Wọ́n ní àwa la ba omi Ọ̀ṣun jẹ́. Aró ṣì wà nínú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ aró tí a kò bá rò, bíbàjẹ́ ni yóò bàjẹ́.

Ẹ dákun, ẹ̀yin àgbà, dúdú ni aró wa. Pupa ni odò. Ẹrẹ̀ àwọn tó ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ń gba odò kéékèèké wọ Ọ̀ṣun, omi náà ti pọ́n kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Aṣọ tí a bá sì fi ṣàn, àbàwọ́n ló ń mú.

Ẹrẹ̀ nìkan kọ́. Ẹni tó bá ń fi mákúrì, irin olómi tó ń lẹ̀ mọ́ góòlù, kó góòlù jọ á pò ó mọ́ iyanrìn, á fún un, á wá sun ún níná. Èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ jẹ́. Èyí tó bá bọ́ sódò ń wọ ara ẹja. Òjé ńkọ́? Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé inú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé pa ọmọdé tó lé ní 400. A kò ní bẹ́ẹ̀ ló rí níbí. Àyẹ̀wò ló yẹ kó ṣáájú ìdájọ́.

Ẹ bu omi lókè ibi ìwakùsà àti nísàlẹ̀ rẹ̀, lókè ilé aró wa àti nísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò. Ẹ bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, ibẹ̀ ni mákúrì ń jókòó sí. Ẹ mú ẹja, kí ẹ sì gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Kí wọ́n kán ásíìdì náítíríìkì sínú ìgò omi tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò fún òjé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjé á lẹ̀ mọ́ ara ìgò, èsì á ní omi mọ́. Òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé nínú lítà omi mímu kan kò ju máíkírógíráàmù (ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù) 10 fún òjé, 6 fún mákúrì. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fáráàlú pé kí wọ́n se omi náà: iná kì í lé òjé, ńṣe ló ń ki sí i. Álọ́ọ̀mù á mú ẹrẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, ojú á rí omi tó mọ́, òjé tó ti yòrò á ṣì wà níbẹ̀.



Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ilé aró wa kó tó di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Àwọn aláṣọ ti ń bi wá pé ọjọ́ wo la máa gbé ìkòkò lọ sáàfin Àtáọ́ja, kí Kábíyèsí fojú ara wọn wo àwọ̀ aró àti àwọ̀ odò. A ṣì ń bẹ̀ wọ́n ni.

Àwa ni tiyín,
Alága, Akọ̀wé àti Ìyálóde ẹgbẹ́ aláró