Lẹ́tà sí Àjàní: Ìfófó Òkun dé Kúbwá

Kúbwá, Àbújá.

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú òtútù Jámánì o. Ọyẹ́ ti dé sọ́dọ̀ àwa náà, ètè gbogbo wa ti là.

Ṣé o rántí àpótí gíláàsì ẹlẹ́ja tí mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ? Clownfish méjèèjì ṣì wà láàyè, àmọ́ díẹ̀ ló kù kí n pàdánù wọn. Omi òkun ni ilé wọn, òkun sì jìnnà sí Kúbwá. Iyọ̀ tí mo ń rà ni mo ń pò mọ́ omi, bíi gíráàmù 35 sí lítà kan, owó rẹ̀ sì ga. Tí mo bá ń da omi nù ní gbogbo ọ̀sẹ̀, àpò mi á gbẹ. Tí n kò bá sì dà á nù, ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù á jẹrà, wọ́n á di ammonia, májèlé gidi sì ni fún ẹja. Ìdí nìyí tí mo fi fọwọ́ ara mi ṣe protein skimmer, ẹ̀rọ tó ń fi ìfófó kó ìdọ̀tí kúrò nínú omi.

Bàdágírì ni mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn èèyàn níbí. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, tí ìgbì bá jà gan-an, ṣebí ìfófó máa ń kún etí òkun, tá a ó máa fẹsẹ̀ fọ́n ọn ká? Òun náà nìyẹn. Ìdọ̀tí bíi purotéènì, apá kan ara rẹ̀ fẹ́ràn omi, apá kejì ń sá fún un. Tí hóró afẹ́fẹ́ bá ń gòkè nínú omi, apá tó ń sá yẹn á lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á jọ gòkè, wọ́n á di ìfófó. Èmi kàn la ọ̀nà tóóró fún un kó gbà dà sínú ife, kí ìdọ̀tí ti jáde kó tó jẹrà. Omi tí kò níyọ̀ kì í ṣe é bẹ́ẹ̀, hóró inú rẹ̀ tètè ń so pọ̀ di ńlá.

Páìpù oní-íǹṣì 4 láti ọjà Dei-Dei ni ara rẹ̀, gíga rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60. Omi ń wọlé lókè, afẹ́fẹ́ ń wọlé nísàlẹ̀, kí wọ́n lè pàdé kí wọ́n sì pẹ́ papọ̀. Ìgò ike ni mo gé ṣe ọrùn rẹ̀. Ìyẹn ò le. Hóró afẹ́fẹ́ ló dà mí láàmú. Òkúta afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tà níbí, ìyẹn òkúta oníhò tí afẹ́fẹ́ póǹpù ń gbà wọ inú omi, hóró rẹ̀ tóbi bí ẹ̀wà. Omi ń hó yaa bí ìkòkò orí iná, ìfófó kankan ò dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko! Ni mo bá lọ bá káfíńtà àdúgbò wa, ó gé igi arère fún mi, mo lu ihò sí i, mo ti rọ́bà póǹpù bọ̀ ọ́. Àjàní, omi náà funfun bíi wàrà!

Síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin kọjá, ife gbẹ. Nǹkan tuntun ni, ó ní láti kọ́kọ́ mọ́ra. Àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún ni mo bá omi dúdú nínú ife, bí àgbo ló rí, òórùn rẹ̀ kò ṣe é sọ. Inú omi tí mo rò pé ó mọ́ gaara ló ti jáde. Mo sáré pe ìyá Bọ̀dé kó wá wò ó. Bọ̀dé fúnra rẹ̀ ki ọwọ́ tó fi jẹ àkàrà bọ inú omi lọ́jọ́ kejì, ìfófó bá rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, ilẹ̀ ṣú kó tó padà. Òróró ni ọ̀tá rẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ínfátà ló ń gbé póǹpù, torí ẹ̀rọ yìí náà ló ń fún ẹja ní èémí.

Nǹkan kan ni mo fẹ́ tọrọ. Arère ò pẹ́: láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àwọn ihò wínníwínní ara igi náà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde ti dí, hóró ti tún tóbi. Igi tí wọ́n ń pè ní Linde lọ́dọ̀ yín ló dára jù, wọ́n máa ń gé e tà fún iṣẹ́ yìí gan-an. Jọ̀ọ́, bá mi ra mẹ́fà, kó o fún ẹni tó bá ń bọ̀ nílé. Kò wúwo rárá.

Bá mi kí ìyàwó rẹ.

Èmi ni,
Àkànbí