Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, kó tó dá gómìnà lóhùn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ẹ̀gúsí tí o bèèrè ti wà nílẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù la ń wá.

Mo ti ka ohun tí o kọ. Pé gómìnà fẹ́ kí o wá ṣe Agbẹjọ́rò Àgbà àti Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìdájọ́ ìpínlẹ̀ wa, ohun ìdùnnú ni. Ìyá rẹ ti ròyìn rẹ̀ kárí àdúgbò. Èmi ò tíì sọ fún ẹnì kankan, nítorí o ò tíì dáhùn, mo sì ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kí o tó dáhùn. O mọ̀ pé mi ò kàwé òfin. Rẹ́jísírà ni mo ṣe ní kóòtù títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jókòó nísàlẹ̀ adájọ́, tó ń gba fáìlì tó ń pe nọ́ńbà ẹjọ́, ojú rẹ̀ a máa tó ibi tí ojú adájọ́ gan-an kì í tó.

Ipò kan wà nílùú tí o wà yẹn tí mo fẹ́ kí o tún wò kí o tó gba tiwa: ipò Lord Chancellor. Ní ti òfin, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ti àwọn tó jókòó síbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, bí wọ́n ṣe débẹ̀ àti bí wọ́n ṣe kúrò níbẹ̀, pàápàá bí wọ́n ṣe kúrò.

Akọ̀wé ọba ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Àlùfáà ló sábà ń jẹ́, nítorí àwọn ló mọ̀wé kọ láyé ọjọ́un. Òun ló ń tọ́jú èdìdì ńlá, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ìda lára ìwé kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé ohùn ọba ni. Nígbà tó yá, àwọn tí kóòtù kò rí ọ̀nà àbáyọ fún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ọba, ọba sì ń darí wọn sí akọ̀wé yìí. Ibẹ̀ ni kóòtù Chancery ti jáde. Wọ́n ní ẹ̀rí ọkàn ọba ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Trust tí ẹ̀yin lọ́yà ń jẹun lé lórí, pé kí ènìyàn di dúkìá mú fún ẹlòmíì, kóòtù yẹn ló tọ́ ọ dàgbà. Mi ò sọ pé kóòtù náà dára títí o. Láyé Lord Eldon, tó lo nǹkan bí ọdún 25 nípò náà láàárín 1801 àti 1827, ẹjọ́ ogún a máa falẹ̀ débi pé owó lọ́yà á gbé ogún jẹ. Àwọn tó ń sọ pé ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń sún ẹjọ́ síwájú, wọn ò kàwé tó.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni iṣẹ́ ń gorí iṣẹ́. Mínísítà ni nínú ìgbìmọ̀ olórí ìjọba. Òun náà ló ń darí ìjókòó ilé aṣòfin àgbà, níbi tó ti ń jókòó lórí tìmùtìmù pupa ńlá tí wọ́n ki irun àgùntàn sínú rẹ̀. Òun tún ni olórí gbogbo adájọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni yíyan wọn sì wà. Ó ń ṣòfin, ó ń ṣèjọba, ó ń dájọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀bùn, nítorí ohun tí ojú mi rí jù nìyẹn. Francis Bacon di Lord Chancellor ní 1618. Orí rẹ̀ pé gan-an, ayé ṣì ń ka ìwé rẹ̀ dòní. Ní 1621, ilé aṣòfin ka ẹ̀sùn 28 sí i lẹ́sẹ̀ pé ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ẹjọ́ wọn wà níwájú rẹ̀. Ó jẹ́wọ́. Wọ́n bu ìtanràn 40,000 pọ́n-ùn lù ú, wọ́n tì í mọ́ ilé ìṣọ́ Tower fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sì ní kó má tún di ipò ìjọba kankan mú mọ́. Ta ló fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Àwọn tó fún un lówó tí wọ́n tún pàdánù ẹjọ́ ni! Ó ń gba owó, ó sì ń dá wọn lẹ́bi. Ó ní owó náà kò yí ìdájọ́ òun padà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́?

Fi Thomas More wé e, ẹni tó wà nípò yẹn ṣáájú rẹ̀, láti 1529 sí 1532. Opó olówó kan jàre níwájú rẹ̀. Nígbà tí ọdún tuntun dé, obìnrin náà gbé ìbọ̀wọ́ kan wá fún un, ó kó owó wúrà tó tó 40 pọ́n-ùn sínú rẹ̀. More gba ìbọ̀wọ́, ó ní kò dáa kí èèyàn kọ ẹ̀bùn ọdún obìnrin, ó wá da wúrà inú rẹ̀ padà fún un. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn nítorí pé kò pariwo, kò sì kan ẹni ẹlẹ́ni lábùkù. Èmi ti rí àpò ìrẹsì Kérésì tí àpò ìwé wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ti rí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ọ́fíìsì, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó so ó. Tí o bá dé ipò yẹn, ilé wa níbí gan-an ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e wá, kì í ṣe ọ́fíìsì rẹ. Mo ti bá ìyá rẹ sọ ọ́. Iṣu là ń gbà, a ó sì tú u wò.

More yìí náà ni ọba Henry Kẹjọ fẹ́ kó ti òun lẹ́yìn láti kọ ìyàwó òun sílẹ̀, kí ọba sì di olórí ìjọ Ọlọ́run nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. More kò bá ọba jà. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 1532, ó gbé èdìdì padà fún un, ó sì lọ sílé. Ọkọ Margaret ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé, nígbà tó wà nípò, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kan ló máa ń lọ bá ìyàwó rẹ̀ níbi ìjókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì láti sọ fún un pé olúwa òun ti jáde. Lẹ́yìn tó fipò sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí fìlà lọ bá ìyàwó, ó ní, "Màdáámú, olúwa mi ti lọ." Bẹ́ẹ̀ ló fi tó o létí pé ipò ti bọ́. Owó tó ń wọlé já wálẹ̀, ó tú àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ká. Nígbà tó yá, ó kọ̀ láti búra bí ọba ṣe fẹ́, wọ́n tì í mọ́ Tower, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí ní ọjọ́ 6 oṣù Keje 1535. Nígbà tí wọ́n gba gègé àti tádàá lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, èédú ló fi ń kọ lẹ́tà sí Margaret.

Mi ò rán ọ lọ síbi ikú, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọkùnrin yìí ti mọ ohun tí kò ní ṣe kí wọ́n tó ní kó ṣe é. George Jeffreys kò mọ̀ ọ́n. Ó jókòó sórí ẹjọ́ àwọn tó dìtẹ̀ sí James Kejì ní 1685, ó rán ọ̀pọ̀ lọ síbi igi ìgbékọ́, ọba sì fi ipò Lord Chancellor san án lẹ́san lọ́dún yẹn kan náà. Ní oṣù Kejìlá 1688, ìjọba dojú dé. Ọba sá, ó ju èdìdì ńlá sínú odò Thames. Jeffreys múra bí atukọ̀, ó fá irun ojú, wọ́n mú un ní Wapping. Ó kú sínú Tower ní oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọba tó ń ṣe é fún ti wà ní ilẹ̀ Ireland nígbà yẹn.

Àwọn òyìnbó pẹ́ kí wọ́n tó tú ẹrù yìí sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2003, ìjọba Tony Blair kéde pé ipò náà ti parí. Wọ́n tún wá rí i pé orúkọ rẹ̀ wà nínú òfin lóríṣiríṣi, kò ṣeé fi ìkéde lásán pa rẹ́. Òfin 2005 ló wá pín in. Láti 2006, Lord Chief Justice di olórí àwọn adájọ́, ilé aṣòfin àgbà yan olùdarí tirẹ̀, wọ́n sì gbé yíyan adájọ́ fún ìgbìmọ̀ tó dá dúró. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kúrò lábẹ́ ilé aṣòfin ní 2009. Ìbúra ló kù lọ́wọ́ Lord Chancellor: pé òun yóò bọ̀wọ̀ fún òfin, òun yóò dáàbò bo òmìnira àwọn adájọ́, òun yóò sì rí i pé kóòtù rí owó ṣiṣẹ́.

O wà níbẹ̀ ní 2016, o rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìbúra yẹn. Adájọ́ mẹ́ta ní ìjọba kò lè bẹ̀rẹ̀ ètò ìjáde kúrò ní Àjọ Ilẹ̀ Yúróòpù láìgba àṣẹ ilé aṣòfin. Ìwé ìròyìn kan gbé fọ́tò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú, ó pè wọ́n ní ọ̀tá aráàlú. Liz Truss ni Lord Chancellor. Nígbà tó máa fọhùn, ó ní adájọ́ wà lómìnira, kò sì bá ìwé ìròyìn náà wí. Lord Thomas, olórí àwọn adájọ́, tó wà lára àwọn mẹ́ta náà, sọ fún ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé ohun tí obìnrin náà ṣe kò tọ̀nà rárá. Òfin ti wà, ìbúra ti wà. Ẹnu ni kò là nígbà tó yẹ kó là.

Ẹnì kan tún kù tí mi ò gbọ́dọ̀ gbàgbé, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ wa. Haldane ṣe Lord Chancellor láti 1912. Ní 1915, láàárín ogun, ìwé ìròyìn ń pariwo pé ó fẹ́ràn àwọn ará Jámánì, wọ́n sì yọ ọ́. Ipò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Olóyè Olúwa ti Èkó, Àmọ́dù Tìjání, gbé ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá dé Lọ́ńdọ̀nù, tí Herbert Macaulay bá a lọ. Ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ náà, kóòtù Èkó sì ti sọ pé ẹ̀tọ́ olóyè lórí ilẹ̀ lásán ni Olóyè Olúwa ní, pé ilẹ̀ gan-an kì í ṣe tiwọn. Ní 1921, Haldane ló ka ìdájọ́ ìgbìmọ̀ Privy Council, kóòtù ìkẹyìn fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso: ilẹ̀ nílẹ̀ wa, ti ẹbí àti ti ìlú ni, owó gbà-máà-bínú sì gbọ́dọ̀ pé bí ìgbà tí onílẹ̀ gan-an ń gbà á. Àwọn lọ́yà wa ń tọ́ka sí i dòní. Kò ní èdìdì lọ́wọ́ nígbà tó ṣe é.

Ó ku tìrẹ. Abala 195 ìwé òfin 1999 so Agbẹjọ́rò Àgbà àti Kọmíṣọ́nnà pọ̀ sára ẹnì kan. Ohun tí wọ́n tú ní Lọ́ńdọ̀nù ṣì wà ní síso nílé. Òṣìṣẹ́ gómìnà lo máa jẹ́, abala 211 sì fún ọ lágbára láti pe ẹjọ́ ọ̀daràn, láti gba ẹjọ́ tí ẹlòmíì pè, àti láti dá a dúró kó tó parí. Ó ní kí o ro ire aráàlú àti ìdájọ́ òdodo mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìwọ ni olùrò náà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n á pè ọ́ lálẹ́ pé ọmọ alága ẹgbẹ́ wà ní àtìmọ́lé. Wọn ò ní sọ pé kí o da òfin nù. Wọ́n á ní kí o "bá wọn wò ó." Gbólóhùn yẹn gan-an ni wọ́n máa lò, mo ti gbọ́ ọ títí.

Má ta ilé yín. Má jẹ́ kí ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ níbẹ̀ kú. Má yá owó kọ́ ilé síbí lọ́dún àkọ́kọ́, ohun yòówù tí àwọn ará ilé bá sọ, títí kan ìyá rẹ. Ẹni tí owó oṣù ipò nìkan ń bọ́ kò lè gbé èdìdì padà. Ìmọ̀ràn tí o bá fún gómìnà, kọ ọ́ sílẹ̀, fi ọjọ́ sí i, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú fáìlì. Tó bá sọ pé ẹnu ni kí ẹ fi sọ ọ́, fi ẹnu sọ ọ́, kí o sì kọ ọ́ nígbà tí o bá dé ọ́fíìsì.

Kí o tó dáhùn, lọ rí gómìnà lójúkojú. Bi í léèrè ẹjọ́ tí ó fẹ́ kí o kọ́kọ́ dá dúró. Tó bá ní kò sí, ó dáa, bi í léèrè iye tó fẹ́ fi sínú àpò kóòtù lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí yàrá fáìlì tí mo fi sílẹ̀ ń jò lórí àwọn ìwé, wọn ò sì tíì tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Ohun tó bá sọ, pè mí kí o sọ ọ́ fún mi. Má fi sórí WhatsApp, nítorí àbúrò rẹ ló ń bá mi ka fóònù, kò sì lè pa ọ̀rọ̀ mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ.