Ta ní ń gé ohun tí kò sí?

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà baba kan nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé Ọlọ́run kò dá ìfẹ́ ìbálòpọ̀ mọ́ obìnrin, pé ti ọkùnrin ni. Ó dùn mí. Ọdún 31 ni mo fi ṣe agbẹ̀bí n'Ìbàdàn yìí.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan jókòó tì mí ní Bẹẹrẹ títí gbogbo èèyàn fi lọ tán. Ó wá rọra bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, màmá nọ́ọ̀sì, tó bá ń wu obìnrin, ṣé kò burú?" Òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọkọ ẹ̀ lóru ọjọ́ kan, ọkọ ní, "Níbo lo ti kọ́ èyí?" Látìgbà náà, bó bá tilẹ̀ wù ú, á kọjú sí ògiri. Ẹ bi ọkọ yẹn, á ní ìyàwó òun kò fẹ́ràn ìbálòpọ̀.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, yàrá kan náà lèmi àti ìyá mi jọ ń sùn fún ọdún méjì àti ààbọ̀. Wọ́n ní àtọ̀ á ba omi ọyàn jẹ́. Ilé wa nìkan kọ́: ìwádìí tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Caldwell àti ìyàwó rẹ̀ ṣe lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, tó jáde ní 1977, dá lé irú ìtakété yìí. Ọkùnrin rí ìyàwó kejì lọ bá. Èmi ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi mí bí ara mi ti rí.

Ìdábẹ́ tún wà ńbẹ̀. Àwọn ìyá àgbà sọ fún mi lójúkojú pé kí ọmọbìnrin má baà rin ìrìnkurìn ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n mọ̀ pé ó ń wù ú, wọ́n fi abẹ lé e. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti kà á léèwọ̀ láti 2015, àmọ́ àpá rẹ̀ ṣì wà lára ọ̀pọ̀ àwọn tí mo gbẹ̀bí fún.

N kò ní ọkùnrin àti obìnrin rí bákan náà o. Baumeister, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2001, wọ́n ní, lápapọ̀, ìfẹ́ ìbálòpọ̀ ti ọkùnrin le jù. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ní 2003, àwọn olùwádìí méjì, Alexander àti Fisher, bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà pé èèyàn mélòó ni wọ́n ti bá lò pọ̀. Nígbà táwọn obìnrin rò pé ẹlòmíràn lè rí ìdáhùn wọn, iye tí wọ́n dá kéré sí tọkùnrin. Nígbà tí wọ́n so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń tú àṣírí irọ́, ìyàtọ̀ yẹn pòórá. Ìtìjú ló ti ń bá wọn dáhùn tẹ́lẹ̀.

Kí baba yẹn tó tún kọ̀wé, kó bi ìyá ilé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, kó sì ní sùúrù gbọ́ ìdáhùn.

Èmi ni,
Ìyá Àdùnní, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn