Eegun náà ń tẹ̀lé ìdílé

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa osteoporosis, àìsàn tó ń jẹ eegun nínú títí á fi fúyẹ́, tí ìṣubú kékeré á fi lè dá a. Wàrà, edé àti oòrùn òwúrọ̀ tí ẹ dárúkọ kò burú. Àmọ́ ẹ ò mẹ́nu ba ìdílé rárá.

Àwọn tó fi ìbejì ṣe ìwádìí rí i pé bí eegun ẹnìkan bá ki ju ti ẹlòmíràn lọ, ìdajì ìyàtọ̀ náà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àjogúnbá ni. Jíìnì, ìyẹn àṣẹ inú ara tí à ń jogún lọ́dọ̀ òbí, tó ń dá sí i pọ̀ lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún, díẹ̀díẹ̀ ni kálukú ń ṣe. Nígbà mìíràn, ẹyọ kan á tó. Láàárín àwọn òyìnbó Afrikaner ní South Africa, ẹni tó bá jogún jíìnì SOST tó bàjẹ́ lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, eegun rẹ̀ á ki débi pé kì í fẹ́ẹ̀ dá. Ẹ má jowú rẹ̀ o: eegun orí náà ń ki, á fún iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ sí ojú àti etí mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú á rọ, etí á di. Ọdún 2001 ni wọ́n rí jíìnì náà. Bí kò bá bàjẹ́, ohun tó ń ṣe lára wa ni pé ó ń dá eegun dúró kó má ki jù. Ìmọ̀ yìí ni wọ́n fi ṣe romosozumab, abẹ́rẹ́ tó ń dí ohun tí jíìnì náà ń pèsè, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2019 fún àwọn obìnrin tó ti dẹ́kun nǹkan oṣù, tí ẹ̀rù wà pé eegun wọn á dá.

Àwa ńkọ́? FRAX, ìṣirò bí eegun ẹni ṣe lè dá tó, tí Yunifásítì Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2008, ń béèrè bóyá eegun ìbàdí ìyá tàbí bàbá ẹni dá rí. Ta ló fẹ́ dáhùn nínú wa? Màmá ṣubú ní balùwẹ̀, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ teguntegun, kò dìde mọ́. Ayé ló ṣe é, tàbí ogbó ló dé: ohun tí wọ́n máa ń sọ fún mi nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì.

FRAX tún ń béèrè bóyá èèyàn ń lo oògùn sitẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń dín ara wíwú kù, bíi prednisolone. Dexamethasone wà nínú ẹbí yẹn, ó sì ń ba eegun jẹ́ bí èèyàn bá ń lò ó pẹ́, síbẹ̀ kẹ́místì ń tà á láìbéèrè ìwé dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìyẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, fún àwọn ọmọbìnrin tó ń rà á kí ìdí wọn lè tóbi.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn